Ọdún Tí Wọ́n Fẹ́ Fa Ìtàkùn Iṣu Wa

Nílé wa ní Bantè, ní ìkọjá ẹnubodè Nàìjíríà, ìgbálẹ̀ ìyá mi ni ó máa ń kọ́kọ́ jí mi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ṣílẹ̀kùn, bí ẹni pé láti inú yàrá ni ó ti ń kan ilẹ̀kùn, kí àwa tí a wà níta lè múra. Àgùntàn á máa fi ara ha ògiri, ẹnìkan á máa la igi ìdáná, a ó sì máa gbọ́ odó láti ilé kejì, nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá jẹ iyán lójúmọ́ kò lè sọ pé òun jẹun. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ohùn kan tún kún un: mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré àbúrò bàbá mi, Òjó, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré. Yàrá rẹ̀ wà ní apá kejì àgbàlá kan náà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ń húkọ́ láti gbéra, ìgbálẹ̀ ìyá mi á dúró. Kò sí ẹni tó ní kí ó dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé á dúró títí ọkọ̀ náà yóò fi bọ́ sí títì, lẹ́yìn náà ni oníkálukú á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Bí àwọn ọmọ mi bá bi mí bí ìjọba Ọ̀gágun ṣe rí, ìgbálẹ̀ tó dúró yẹn ni mo máa ń rántí, kì í ṣe ìbọn. A kò rí ìbọn púpọ̀ ní Bantè.

Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí àwọn ṣójà gba ìjọba. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé inú àwọn ènìyàn dùn. Àwọn olóṣèlú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jà bí ajá tí a ju egungun kan sí láàárín, Ọ̀gágun yìí sì jẹ́ ọ̀dọ́, ohùn rẹ̀ le lórí rédíò, ó ní ayé tálákà ti dé. Bàbá mi náà pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá gba ẹnu ìbọn wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ni yóò mú un jáde. Fún ìgbà díẹ̀, orúkọ nìkan ni ohun tó ń yí padà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, wọ́n yí àsíá padà, wọ́n ní Baálẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan mọ́, dèlégè ni yóò máa ṣojú ìjọba ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kò sí Bàbá, kò sí Ìyá, kò sí Ọ̀gá, kamarádì ni gbogbo wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ọ́físì ní Savalou láti kọ orúkọ àwọn ará ilé sílẹ̀, ó dúró níwájú Ìyá Àgbà, ó ní, “Kamarádì, ẹ káàárọ̀.” Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ wo ni wọ́n bí wa pọ̀?” Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré tó mú un wá kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Kékeré ni wọ́n fi ṣe dèlégè wa. Nínú ilé wa, òun nìkan ló kàwé, ó gbọ́ Faransé, ó sì mọ bí a ti ń dúró níwájú ará ọ́físì láìgbọ̀n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí mọ èyí kí n tó lọ jìnnà. Nígbà tí ibà fẹ́ pa mí, òun ló gbé mi kọ́rùn dé ilé ìwòsàn, tí ó ń sáré, tí ó ń kọrin fún mi kí n má baà sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní mobilẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé ní Savalou, nígbà tí ó bá sì dé, bí ẹni pé àga ni ó gbé wá lábẹ́ ara rẹ̀, bí ó bá dúró gan-an, ó jókòó lórí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Bàbá mi fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, ó sì máa ń gbọ́ ọ tán, yóò wá ní, “Òjó, ṣé o ti jẹun?” Ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ètò ìjọba nìyẹn.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Bàbá mi nílò ọwọ́ mi lóko, mo sì ti ń kọ ebè nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ lẹ́tà. Bàbá Kékeré ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìjọba tuntun kò fẹ́ ọmọ tí kò mọ̀wé, ó sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun nìkan máa jẹ́ alákọ̀wé nínú ilé. Báyìí ni mo ṣe bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orúnkún mi kò gba abẹ́ tábìlì. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Bí Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, bá béèrè ìbéèrè, àwọn ọmọdé wọ̀nyí á ti dáhùn kí n tó gbọ́ ohun tí ó wí, nítorí Faransé ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ilá. Fún oṣù mẹ́jọ, mi ò rí ìbéèrè kan tí mo lè nawọ́ sí. Lọ́jọ́ kan ní àkókò òjò, Mẹ́tìrì wọlé, ó fi èdè wa béèrè pé bàbá ta ni ó ní oko iṣu tó tóbi jù ní àdúgbò.

Kíláàsì dákẹ́. Gbogbo wọn mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, èmi náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, a kì í sọ bí oko iṣu ẹni ti tó nígbà tí ìtàkùn bá ṣì wà lórí igi. Bí o bá ń kọjá lọ tí o kí olóko pé oko yìí mà dára o, ohun tí yóò dá ọ lóhùn ni pé koríko ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ti dé, mo sì ti ń retí rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Mo nawọ́. Mo ní bàbá tèmi ni. Mo tún sọ ibi tí oko náà wà, ní ọ̀nà Akpassi, mo sọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, mo ní láboko, irú iṣu tó dára jù fún iyán, ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́tìrì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí méjì láti ìgbà náà, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ mi bí àtẹ́wọ́ yẹn.

Ní àṣálẹ́, a ń jẹ iyán tí wọ́n fi iṣu tó kẹ́yìn nínú àká gún, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá àti wàràkàsì díẹ̀ tí ìyá mi rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Bàbá Kékeré wọlé, inú rẹ̀ dùn, ó gbá mi lórí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ọmọ yìí ti yọ wá. Ó ní Ọ̀gágun yóò gba Bantè kọjá lọ sí òkè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ará ọ́físì sì fẹ́ kí ó rí iṣu tuntun lẹ́bàá títì, kí ó mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti yan àwọn oko kan, tiwa ni olórí wọn. Ilé ìwé àti kọperatífù, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, yóò wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú láti wa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìtàkùn, pẹ̀lú ewé, kí ó lè tutù lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ ni o sọ ọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi fọ ọwọ́.

Ẹni tí kò bá gbin láboko rí lè máa wò ó pé kí ni ó burú níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń wà á. Láàárín òjò, a ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ebè kan, a ó fi ọ̀bẹ gé iṣu náà lọ́rùn lábẹ́ orí rẹ̀, a kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ kan gbòǹgbò, a ó wá da erùpẹ̀ padà, a ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìtàkùn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ. Yóò máa wà láàyè lórí igi rẹ̀ títí òjò yóò fi tán, nígbà náà ni a ó padà wá bá èèbù kéékèèké lábẹ́ ilẹ̀, èyí tí a ó gbìn fún ọdún tó ń bọ̀. Bí o bá fa ìtàkùn tu ní àkọ́kọ́, o jẹ ọdún yìí, o sì jẹ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú oko wa nígbà náà nìyẹn: kì í ṣe iṣu ọjọ́ kan, oúnjẹ àwa mẹ́sàn-án fún ọdún mìíràn ni. Bàbá Kékeré mọ èyí. Inú oko kan náà ni wọ́n ti tọ́ òun àti bàbá mi. Ohun tó dùn mí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé kì í ṣe àìmọ̀kan.

Bàbá mi kò bínú. Ó ní kí wọ́n kó iṣu náà, kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun gé e, kí ìtàkùn dúró. Bàbá Kékeré ní kò sí àyè, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, àti pé àṣẹ sọ pé pẹ̀lú ewé. Ó ní òun ti fa tòun láàárọ̀ ọjọ́ náà kí àwọn ènìyàn lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Òótọ́ ni. A ti rí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn láti ọ̀sán, tí kò dá iná. Bàbá mi ní, “Òjó, kí ni wàá gbìn?”

Bàbá Kékeré ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá kọ̀, kì í ṣe èmi ni wọ́n máa rán sí yín. Jandáàmù ni, àwọn ọlọ́pàá oníbọn. Àwọn ará Koko méjì tó kọ̀ lọ́jọ́sí, wọ́n kó wọn lọ, wọn ò tíì dé.”

Ìyá Àgbà sọ láti orí ẹní rẹ̀ pé àwọn ọmọ òun méjèèjì yóò pa òun kí iṣu tuntun tó kan òun lẹ́nu. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa iṣu tuntun kí ẹni tó dàgbà jù tó tọ́ ọ wò. Ìjọba ti ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́, pé àìlajú ni. Kò sí ẹni tó bá Ìyá Àgbà jiyàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe Bàbá Kékeré sí ìpàdé ní Savalou. Mobilẹ́ẹ̀tì húkọ́, ó jáde. Ìyá mi kò padà sídìí ìgbálẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó mú agbọ̀n. Mo rí i pé wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn. Bàbá mi ní kí n bọ́ aṣọ ilé ìwé, kí n mú ọ̀bẹ. Ohun tí ó rò kò ju báyìí lọ: àwọn ará ọ́físì fẹ́ iṣu lẹ́bàá títì, wọn yóò bá iṣu lẹ́bàá títì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ewé, ewé wà lórí igi, kí Ọ̀gágun sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ìyàwó Bàbá Kékeré bá wa lọ. A kò pè é. Ó kàn ti aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó gbé agbọ̀n tirẹ̀ lé orí, ó sì ṣíwájú wa.

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rìn dé oko, ìrìn tí kò rìn láti ọdún méjì. A tẹ́ aṣọ fún un lábẹ́ igi èmì. Bàbá mi ṣí ebè àkọ́kọ́, ó gé iṣu kan jáde, ó sun ún lórí iná igi, ó ha ojú rẹ̀, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Gbogbo wa dúró. Ó jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, eyín rẹ̀ kò pọ̀. Òòrùn ń gòkè, bàbá mi sì ń wo ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé kí ó yára. Nígbà tí ó parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó ní, “Ó dùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Mi ò tíì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Bàbá mi ń ṣí ebè, èmi ń gé, ìyá mi ń da erùpẹ̀ padà tí ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìyàwó Bàbá Kékeré ń rù ú lọ sí ẹ̀bá títì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gé, mo gé jinlẹ̀ jù, gbòǹgbò kan já. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú, ó gbé ọ̀bẹ náà sí ibi tí ó yẹ, ó ní kí n fi ìka wá ọrùn rẹ̀ kí n tó fi ojú wá a. Láti ìgbà náà mi ò ṣì í gé mọ́. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ní gbogbo ọjọ́ náà mo ń retí pé kí ó sọ ọ́. Ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí máa ń sọ pé ó di dandan kí òun fi ìka yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Mi ò sọ fún un rí pé inú ebè ni mo ti kọ́ ọ. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ènìyàn lè gbé ọ̀rọ̀ kan kúrò láàárín òun àti ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń gbé iṣu, kí ìtàkùn sì wà láàyè síbẹ̀.

Òòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí a gé èyí tó kẹ́yìn. Iṣu wà lẹ́bàá títì ní òkìtì ńlá, funfun àti pupa erùpẹ̀, ó ga tó mi. Lẹ́yìn rẹ̀, oko wa dúró bí ẹni pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ìtàkùn lórí igi, ewé ń mì. A ń fọ ọwọ́ nígbà tí ọkọ̀ ọ́físì kan dúró. Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin ẹ̀yà Mahi kan sì tẹ̀ lé e, tó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Òun ni wọ́n rán láti Savalou láti yẹ oko wò kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó dé. Ó wo iṣu, ó wo oko. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Kékeré ní Faransé. Èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ tó mi: ó fẹ́ mọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo rò ó pé báyìí ni wọ́n ṣe máa gbé e lọ, pé Koko ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwa ló kàn, èmi ni mo sì fi ẹnu mi pè wọ́n. Bàbá Kékeré wo bàbá mi, ó wo ìyá wọn lábẹ́ igi, ó wo ìyàwó ara rẹ̀ tí erùpẹ̀ dé orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ náà wò ó. Nínú gbogbo ohun tí mo rí nínú ìjọba yẹn, mi ò rí ohun tó pẹ́ bí ìwò náà. Ó wá dáhùn ní Faransé, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ní òun ni.

Ọkùnrin Mahi náà wọ inú oko pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó kúnlẹ̀ sídìí ebè kan, ó fi ọwọ́ wa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi kan gbòǹgbò. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó da erùpẹ̀ padà, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ìyá mi ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ọmọ olóko ni. Kò sí ibi tí a ti lè kọ́ ìyẹn ní ọ́físì. Ó dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní Mahi, èdè tí bàbá mi gbọ́ nítorí ọjà Savalou. Bàbá mi sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà. Ọkùnrin náà ní, “Báyìí ni bàbá mi ṣe ń gé e. Ṣùgbọ́n ẹ bo ti apá ibí yìí dáadáa, òjò máa wọ̀ ọ́.” Ó wá mú ìwé jáde, ó kọ ọ́ pé oko wa ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa lọ sí oko tó kù. Báyìí ni àwa tí a tàpá sí àṣẹ ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tó mú un ṣẹ. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilé ìwé tò sí ẹ̀bá títì láti àárọ̀ pẹ̀lú ewé ọ̀pẹ lọ́wọ́. Iṣu àwọn ilé yòókù wà níbẹ̀, ìtàkùn ṣì wà lára wọn, ewé náà ti rọ kí ọ̀sán tó pọ́n. A kọ orin tí wọ́n kọ́ wa títí ohùn wa fi há. Nígbà tí ó yá, a rí eruku lókèèrè ní ọ̀nà Savalou, ọkọ̀ méje tàbí mẹ́jọ kọjá, dúdú, dígí wọn dúdú. Wọn kò dúró. Wọn kò dẹ ẹsẹ̀. Mi ò mọ inú èwo nínú wọn ni Ọ̀gágun wà. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó bo iṣu, ó bo ewé, ó bo ẹnu wa. Mẹ́tìrì ní kí a pàtẹ́wọ́, a sì pàtẹ́wọ́ fún ọ̀nà tó ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan kó iṣu náà lọ. A kò gbọ́ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Àwọn ará Koko méjì náà padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn kò lè na ọwọ́ òsì rẹ̀ tán mọ́.

Ọ̀gágun pẹ́ lórí àga lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún, mo wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Savalou pẹ̀lú àwọn tí mo jù lọ, nígbà tí ó kúrò. Nígbà náà, ilé ìwé ti tì fún oṣù púpọ̀, ìjọba kò rí owó san fún olùkọ́ mọ́, olùkọ́ ìṣirò wa sì ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. A máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tó ń ta epo ọkọ̀ nínú ìgò, nítorí pé rédíò rẹ̀ ń dún ketekete. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé wọ́n pe ìpàdé ńlá kan, pé àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn fún un lójú rẹ̀, tí ó sì gbà. Ìyá Àgbà ti kú nígbà yẹn. Mo rò ó pé òun ló ṣe àṣìṣe: ọ̀rọ̀ ẹnu ló mú un jáde. Alájì yí rédíò náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀, kò gbà á gbọ́. Ó ní, “Ṣé ó ti tán nìyẹn? Lọ́dọ̀ tiwa, ṣójà ló ń lé ṣójà.” Àwọn ènìyàn ń jó lójú títì, àwọn obìnrin Mahi tó ń ta iṣu ń lu igbá. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mi ò jó, mo jókòó lórí òkúta kan, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ti jẹun kí ó tó dé ibi àsè. Nílé tiwa, ó ti ṣubú ṣáájú.

Ó ṣubú nígbà ọyẹ́ ọdún tí Ọ̀gágun gba Bantè kọjá yẹn, lẹ́yìn tí òjò tán. A ti wa èèbù wa, ó pọ̀, ó yi, bàbá mi ti tò ó sínú àká. Àwọn tí wọ́n fa ìtàkùn wọn kò ní nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré pe àdúgbò jọ láti ka ìwé tó dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìwé náà ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbin ìlọ́po méjì iṣu tí ó gbìn lọ́dún tó kọjá. Ó kà á tán, ó túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn wá bi í pẹ̀lú ìtẹríba pé, “Dèlégè, ṣé wọ́n fi èèbù náà sínú ìwé ọ̀hún?” Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ènìyàn. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní gbangba láti ìgbà tí mo ti láyé. Bàbá Kékeré ká ìwé náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó wá dúró bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tí ó máa fi í sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wá sí ẹnu àká. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn wá. Bàbá mi ń ṣa èèbù, kò gbójú sókè. Bàbá Kékeré dúró, kò wọlé. Nígbà tí ó yá, bàbá mi ní, “Òjó, ṣé o ti jẹun?”

Ó ní òun kò tíì jẹun. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ohun tí mo máa gbìn.”

Bàbá mi pín èèbù náà sí méjì lójú rẹ̀. Ìdajì ni tiwa. Ó fi ọwọ́ han ìdajì kejì, ó ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ti Òjó, èyí tó kù ni ti àwọn ilé tó fa ìtàkùn wọn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rù ú lọ láti ilé dé ilé, ní ojúmọmọ, yóò sì sọ oko tí ó ti wá. Mo mọ ohun tí èyí ná wa: gàrí àti ẹ̀kọ ni a jẹ jù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi sì lu ihò tuntun kan sí ìgbànú rẹ̀. Bàbá Kékeré kò jiyàn. Ó wá òṣùká, ó gbé agbọ̀n lérí, èmi náà gbé èyí tó kéré tẹ̀ lé e.

Ilé àkọ́kọ́ ni ilé opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàbí. Ọmọ márùn-ún ló ní, lẹ́yìn tí wọ́n sì fa oko rẹ̀, kò bá ará ilé wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó, ó ń fẹ́ àgbàdo. Ó rí wa lókèèrè, kò dìde. Bàbá Kékeré dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, òógùn ń bọ́ sí i lójú, kò sì lè nù ún. Ó sọ ohun tí bàbá mi ní kí ó sọ. Obìnrin náà fẹ́ èyí tó wà nínú atẹ rẹ̀ tán kí ó tó dáhùn.

“Òjó,” ó ní, “abẹ́ òjìji yẹn ni kí o sọ ọ́ sí. Òòrùn á pa á níbí.”

Kò pè é ní Dèlégè. Bàbá Kékeré gbé agbọ̀n náà lọ sí abẹ́ òjìji, ó lóṣòó, ó sì ń tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí orí wọn sí ọ̀nà kan náà.